Nígbà Tí Gbogbo Wọn Ní Inú Àwọn Dùn

                                        Yàrá Àwọn Akọ̀wé,
                                        Ẹ̀yìn Wọ́ọ̀dù Iṣẹ́ Abẹ.
                                        Ọjọ́ Kẹsàn-án, Oṣù Kẹfà.

Bọ̀dá mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Àǹtí mi, ìyàwó yín ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́? Ṣé orúnkún yín ti ń jẹ́ kí ẹ gun àtẹ̀gùn? Èmi náà wà, àmọ́ bí ẹni tó ń lálàá ni mo ṣe ń rìn kiri láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá.

Ẹ ṣáà máa ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé iṣẹ́ mi ò ju kí n máa pe èèyàn lórí fóònù lọ. Òótọ́ ni. Lọ́sàn-án, tí fáànù bá ń yí jẹ́ẹ́jẹ́, tí oòrùn bá tẹ́ sórí tábìlì, mo máa ń pe àwọn tí dókítà ti ṣiṣẹ́ abẹ ìfun fún, ká lè mọ bí ara wọn ṣe ń bọ̀ sípò. Ìbéèrè orí fọ́ọ̀mù ni, "Báwo ni inú yín?" Màá wá fún wọn ní máàkì, látorí òdo dé mẹ́wàá. Gbogbo wọn ló ń gba mẹ́wàá! Ohùn wọn á máa bọ̀ jẹ́jẹ́ láti ọ̀nà jíjìn: "Inú mi dùn, ọmọ mi." Inú tèmi náà á dùn.

Màmá kan wà láàárín wọn, télọ̀ ni. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni wọ́n fi gba mẹ́wàá. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo kàn fi ṣeré bi wọ́n pé kí ni wọ́n rán lónìí. Wọ́n ní àwọn ò tíì lè jókòó ti máṣíìnì, pé ojú egbò ń gbóná bí iná. Háà! Mo ní, "Ṣebí ẹ ní inú yín dùn!"

"Inú mi dùn kẹ̀! Ṣé mo kú ni? Ikùn ló ń dùn mí. Ìwọ ò sì bi mí léèrè ikùn."

Mo sáré pe dókítà. Kí ilẹ̀ tó ṣú, wọ́n ti gbé màmá dé. Ọyún ló ti gbára jọ sójú egbò náà. Dókítà ní ká ní ó fi ọjọ́ méjì pẹ́ sí i, à bá pàdánù wọn. Mi ò lè jẹun. Àwọn mẹ́wàá tí mo kọ yẹn ń léfòó kiri lójú mi.

A ti yí ìbéèrè yẹn padà. Láàárọ̀ yìí, mo lọ sídìí bẹ́ẹ̀dì màmá, mo bi wọ́n bí ikùn ṣe rí. Wọ́n ní, "Ó ṣì ń dùn mí gan-an, má parọ́ fún dókítà."

Mẹ́rin ni mo kọ. Bọ̀dá mi, mi ò kọ nọ́ńbà tó dùn mọ́ mi tó bẹ́ẹ̀ rí.

Ẹ bá mi kí gbogbo ilé.

                                        Àbúrò yín tí ẹ ń yọ lẹ́nu,
                                        Oníbéèrè