Wáyà Mítà Mi Ló Já

Ọjọ́bọ̀, ìrọ̀lẹ́

Gbogbo Ìsàlẹ̀ Èkó ló mọ̀ pé kò sí riwáyà tó mọ iná mọ́tò tó mi. Àfi lónìí.

Ọkọ̀ ìjàpá àtijọ́ ti Alhaji àdúgbò wa ò sítáàtì. Ìyàwó wọn tó ti ṣaláìsí ló máa ń wà á tẹ́lẹ̀. Mo fi mítà tí mo fi ń wọn iná kan kọ́ìlì, mo fi kan gbogbo wáyà ibẹ̀, òdo ni. Mo ní, "Alhaji, iná ọkọ̀ yìí ti kú pátápátá. Ẹ tà á fún àwọn tó ń ra àlòkù irin."

"Ó dá ẹ lójú?"

"Ha, Alhaji! Èmi kẹ̀?"

Wọ́n pe onírin lójú mi. Aago mẹ́jọ àárọ̀ ọ̀la ló ń bọ̀ wá gbé e.

Mo dé ṣọ́ọ̀bù, mo fi mítà wọn bátìrì tuntun, òdo náà ni. Wáyà pupa mítà ló ti já nínú rọ́bà! Mi ò kọ́kọ́ fi ẹnu wáyà méjèèjì kanra wò kí n mọ̀ bóyá mítà ń ṣiṣẹ́. Èmi!

Mo sáré padà. Alhaji ń fi aṣọ nu gíláàsì ọkọ̀ náà.

"Ọmọ mi, o ṣeun tí o ò tàn mí jẹ. Ọlọ́run á máa fi òótọ́ sí ẹ lẹ́nu."

"Àmín, sà."

Ìyẹn nìkan ló jáde lẹ́nu mi.