Bàtà Tó Wà Lọ́nà fún Ọjọ́ Mọ́kàndínlógún

                                                  Yàrá kejì lókè,
                                                  Ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù aránbàtà,
                                                  Ojúlé kọkànlélógún.
                                                  Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹtàdínlógún, oṣù kẹsàn-án.

Tíṣà, ọ̀rẹ́ mi láti kékeré,

Ṣé irọ́ ṣì ń jẹ́ irọ́ bí a bá fi "ẹ jọ̀ọ́" ṣáájú rẹ̀, tí a sì fi "ẹ ṣeun" tì í lẹ́yìn? Ìbéèrè yìí ló ń lé oorun lójú mi láti bí ọjọ́ mẹ́wàá, ìwọ nìkan sì ni mo lè bi láìsí pé o máa wò mí bíi pé ìwé ti dà mí lórí rú.

Mo mọ̀ pé ìkíni ló yẹ kó ṣáájú. Dákun, gbà á bó ṣe bọ́. Báwo ni ara? Ṣé ẹ̀yìn tó ń ro ọ́ ti fi ọ́ sílẹ̀? Ìyàwó wa ńkọ́, ṣé ó ṣì ń bá ọ jà nítorí ìwé tó kún orí bẹ́ẹ̀dì? Mo wà lẹ́yìn rẹ̀, sọ fún un. Àwọn ọmọ ńkọ́? Èyí àgbà tó ní òun kò ní ka ìwé tí kò ní àwòrán, ṣé ó ti yí ọkàn padà? Mo gbọ́ pé wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ ojú fún Màmá, pé wọ́n ti ń rí ènìyàn láti òkèèrè. Ó ṣe fún yín o, kò sí ibi tí ẹ máa sá sí mọ́ nígbà tí wọ́n bá ń wá ẹni tí wọ́n máa rán níṣẹ́. Ní tiwa, a wà. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ní kí n kí ọ, ó ní bàtà tí o ní o máa wá gbà láti ọdún tó kọjá ṣì wà nílẹ̀.

O mọ̀ pé òun ló jogún ṣọ́ọ̀bù Bàbá wa. Bàtà ọmọdé ló gbájú mọ́ báyìí, orí ẹ̀rọ ayélujára ló sì ti ń tà á. Ìyá ọmọ á gbé ẹsẹ̀ ọmọ lé bébà, á fi pẹ́ńsùlù fa ìlà yí i ká, á ya fọ́tò rẹ̀ pẹ̀lú rúlà lẹ́gbẹ̀ẹ́, á fi ránṣẹ́ sí wa. Ẹ̀gbọ́n mi á gé awọ, á fọwọ́ rán an, á kó o sínú páálí, á gbé e sórí bẹ́ǹṣì gígùn tó wà lẹ́nu ọ̀nà. Ní gbogbo Ọjọ́bọ̀, ọkùnrin akẹ́rù kan máa ń wá pẹ̀lú ọkọ̀ rẹ̀, á kó páálí tó bá bá lórí bẹ́ǹṣì lọ. Ó-dọ̀la ni a sọ ọ́, torí kò sí ohun tí a bi í tí kì í fi ọ̀la dáhùn. Kò sẹ́ni tó ń bá a ka ẹrù, kò sẹ́ni tó ń nawọ́ sí ohunkóhun fún un. Bàbá ti ń ṣe é bẹ́ẹ̀ kí a tó gbọ́njú.

Èmi ni mo ń dá àwọn oníbàárà lóhùn. Tí mo bá ti ọ́fíìsì dé lọ́sàn-án, màá fa àpótí ìjókòó mi sídìí bẹ́ǹṣì yẹn, màá gbé ìwé orúkọ àti kọ́ọ̀pù tíì síwájú, màá mú fóònù ṣọ́ọ̀bù, iṣẹ́ ti yá nìyẹn. Kò sí wàhálà níbẹ̀ títí di ìgbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tún ọ̀nà ńlá ṣe. Ẹrù tó ń lo ọjọ́ mẹ́ta wá ń lo mẹ́wàá. Àwọn oníbàárà gbaná jẹ. Ẹlòmíì á kọ ìbéèrè kan náà lẹ́ẹ̀mẹ́ta kí n tó gbé tíì mì.

Ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe kọ́ wa. Èmi wá sọ ọ́ di òwò. Mo jókòó, mo ro èsì kan tó dán: "Ẹ kú ojú lọ́nà o. A mọ̀ pé dídúró kò rọrùn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa ní sùúrù díẹ̀ sí i, bàtà yín ti wà lọ́nà. Ẹ ṣeun, ọmọ á lò ó pẹ́." Mo fẹ́ràn rẹ̀ débi pé mo kọ ọ́ sínú ìwé tí mo ń kọ èrò ọkàn mi sí, mo sì fa ìlà sí i nídìí. Gbogbo ènìyàn ni mo fi ń ránṣẹ́ sí. Kí wọ́n má baà mọ̀ pé ọ̀rọ̀ kan náà ni, mo ń pààrọ̀ ìkíni ìbẹ̀rẹ̀: àárọ̀, ọ̀sán, iṣẹ́, ìsinmi. Lọ́jọ́ kan tí òjò ń rọ̀ lọ́dọ̀ wa, mo kí ènìyàn mẹ́tàdínlógún kú òjò. Bàbá kan fèsì pé oòrùn ló ń yan àwọn lọ́hùn-ún, àwọn kò sì rí bàtà.

Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ wọn ló ń rọlẹ̀. Ẹni tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú èébú á fi àdúrà parí rẹ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í rò pé oògùn ló wà lẹ́nu mi.

Obìnrin kan wà tí oògùn yìí kò ràn. Ṣé-ó-ti-dé ni Ẹ̀gbọ́n mi ń pè é, torí bó ṣe ń bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ rẹ̀ láràárọ̀ nìyẹn. Ọmọbìnrin rẹ̀ jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́rin. Ẹsẹ̀ òsì ọmọ náà kúrú díẹ̀ ju ọ̀tún lọ, nítorí náà bàtà òsì rẹ̀ gbọ́dọ̀ ga nísàlẹ̀. Èyí tó ní tẹ́lẹ̀ ti há. Láìsí tuntun, ó ní láti di ògiri mú kó tó lè rìn. Ọjọ́ Ajé tó kọjá yìí ló yẹ kó bẹ̀rẹ̀ ilé-ìwé, ó sì ti kéde fún gbogbo ilé pé ẹnikẹ́ni kò ní pọn òun wọ ibẹ̀. Ìyá rẹ̀ kọ gbogbo èyí sí wa ní ọjọ́ tó béèrè fún bàtà. Ẹ̀gbọ́n mi pa iṣẹ́ yòókù tì, ó parí rẹ̀ láàárín ọjọ́ mẹ́rin, ó gbé e sórí bẹ́ǹṣì. Ọjọ́ yẹn gan-an ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í sọ fún obìnrin náà pé bàtà wà lọ́nà.

Ó bi mí pé, "Ọ̀nà wo?" Mo kí i kú àárọ̀. Ó bi mí bóyá ọ̀nà náà kò lópin ni. Mo kí i kú iṣẹ́, mo ní kó bá mi kí ọmọ. Ní ọjọ́ kọkàndínlógún ó kọ̀wé pé: "Bùọ̀dá oníbàtà, ìkíni yín ti pọ̀ ju bàtà yín lọ. Láti ọjọ́ tí ẹ ti ń kí mi, ẹ kò sọ ibi tí bàtà wà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo."

Tíṣà, mo ka ọ̀rọ̀ yẹn títí tíì mi fi tutù. Òótọ́ ló sọ. N kò mọ ibi tí bàtà wà. N kò tilẹ̀ béèrè rí.

Lọ́jọ́ kejì, tí í ṣe Ọjọ́rú, mo tọrọ àyè ní ọ́fíìsì, mo gba ilé ìkẹ́rùsí Ó-dọ̀la lọ. Ní gbogbo ojú ọ̀nà ni mo ń to ọ̀rọ̀ líle sílẹ̀, pẹ̀lú "ẹ jọ̀ọ́" ní ìbẹ̀rẹ̀ àti ní ìparí. Ó jókòó sí àárín páálí tó ga dé òrùlé, ó ń jẹ ẹ̀pà. Ó ṣí ìwé rẹ̀, ó fi báírò tọ orúkọ wálẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó ní ẹrù mọ́kànlélógún ni òun gbé lọ́dọ̀ wa láàárín àkókò yẹn, gbogbo wọn ti kúrò níbẹ̀, orúkọ obìnrin yìí kò sì sí láàárín wọn. Mo ní kò lè rí bẹ́ẹ̀, orí bẹ́ǹṣì ni páálí náà wà.

Ó fi báírò họ orí. "Akọ̀wé, àbí èyí tí ẹ máa ń gbé tíì lé yẹn ni? Mo rò pé tábìlì yín ni! Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni mo ti máa ń rọra fa àwọn tó kù, kí tíì yín má baà dànù."

Òun náà ń bọ̀wọ̀ fún mi ni.

N kò mọ bí mo ṣe délé. Páálí náà wà níbẹ̀ lóòótọ́. Mo ti rí i pé gíga rẹ̀ bá ọwọ́ mi mu, ni mo ṣe ń gbé ìwé lé e. Ẹ̀gbọ́n mi sì rò pé òfìfo ni mo mú. Nígbà tí mo gbé ìwé kúrò, orúkọ obìnrin náà ló wà lábẹ́ rẹ̀, kedere, àmì ìdí kọ́ọ̀pù sì yí i ká bí òrùka. Orí bàtà ọmọ yẹn ni mo ti ń kọ ọ́ pé bàtà wà lọ́nà. Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ máa bá a. Tèmi kò tó ogún ọjọ́, kò sì lọ síbì kankan. Ó kàn jókòó tì mí ni.

Ẹ̀gbọ́n mi rẹ́rìn-ín títí ó fi gbé ọ̀bẹ sílẹ̀. Lójijì ni ẹ̀rín náà gé. Ó bi mí pé ọjọ́ wo lọmọ náà máa wọlé. Ọjọ́ Ajé ni. Bí a bá dúró de Ó-dọ̀la, ilé-ìwé á ti wọ ọ̀sẹ̀ kejì.

Mo sọ èsì tí mo ti rò sílẹ̀ fún un: pé ọ̀nà bàjẹ́, pé àwọn akẹ́rù ló ṣi páálí gbé. Ó jọ òótọ́, kò sì sẹ́ni tó máa yẹ̀ ẹ́ wò.

"Ọkùnrin yẹn ló gbé tíì lé e ni?"

Mo ní rárá. Mo ní ṣùgbọ́n bí mo bá sọ ọ́ bó ṣe rí, obìnrin náà á ròyìn wa káàkiri, àwọn oníbàárà á sá.

"Kí wọ́n sá. Bàtà ni mo ń tà, àbúrò. Ta ló ní kó o máa bá mi ta ọ̀nà? Kọ ọ́ bó ṣe rí, má sì fi ṣúgà sí i."

Ìlà mẹ́ta péré, ó gbà mí tó wákàtí kan. N kò kí i. Mo ní bàtà ọmọ rẹ̀ kò tíì kúrò nílé wa, pé èmi ni mo fi ṣe tábìlì, ẹ̀bi náà kì í ṣe ti ẹlòmíràn. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó tún ẹsẹ̀ ọmọ náà fà sórí bébà, torí ẹsẹ̀ ọmọdé kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Lẹ́yìn náà ni mo dùbúlẹ̀ tí mo ń wo àjà. Àwọn ìwé tí mo ti kà pín òtítọ́ sí oríṣiríṣi, ṣùgbọ́n n kò rántí èyí tó sọ̀rọ̀ òtítọ́ tí ènìyàn sọ nígbà tí ọwọ́ ti bà á. Bí Ó-dọ̀la kò bá ní ìwé orúkọ, ṣé mi ò ní ṣì máa kí i dòní?

Ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀ ni èsì dé: fọ́tò bébà kan, àti ọ̀rọ̀ díẹ̀. "Ẹ ṣeun tí ẹ kò kí mi lónìí. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ti gùn sí i."

Ó ti fi ìbú pẹ́ńsùlù kan gùn sí i. Ká ní bàtà náà lọ lákòókò, ì bá ti wọ̀ ọ́. Kò lè wọ̀ ọ́ mọ́. Ẹ̀gbọ́n mi kò bá mi wí. Ó kàn nawọ́ mú awọ tuntun. Ọjọ́ Ẹtì àti Àbámẹ́ta, bẹ́ǹṣì iṣẹ́ rẹ̀ ló ti ń jẹun. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Àìkú, mo gbé páálí náà sórí itan mi nínú ọkọ̀ méjì, mo sì fẹsẹ̀ rin ìyókù.

Obìnrin náà kéré lọ́jọ́ orí ju bí mo ṣe rò lọ. Omi ìfọṣọ ń kán lọ́wọ́ rẹ̀. "Ẹ̀yin lẹ máa ń kí mi?" Mo ní èmi ni. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé mi, n kò mọ̀ bóyá kí n kí ènìyàn. Mo na páálí sí i.

Ọmọ náà fúnra rẹ̀ ló wọ̀ ọ́, ó fi ti ọ̀tún sí òsì, ìyá rẹ̀ sì dúró títí ó fi rí i fúnra rẹ̀. Ó dìde, ó fọwọ́ ti ògiri. Ó ń ká ìka rẹ̀ kúrò lára ògiri lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó rìn dé ẹnu ọ̀nà, ó rìn padà, ó sì bi mí pé ta ló rán an. Mo ní ẹ̀gbọ́n mi ni.

"Ó gbìyànjú."

Ìyá rẹ̀ kọjú sí orí kọ́bọ́ọ̀dù, ó ń to abọ́ tó ti wà létòlétò tẹ́lẹ̀.

Láti ìgbà náà ni mo ti ń kọ̀wé sí gbogbo oníbàárà nípa ibi tí ẹrù wọn wà gan-an, kódà bó bá jẹ́ ẹ̀yìn ilé Ó-dọ̀la. Àwọn mẹ́fà ti ní kí a fagi lé tiwọn. Ọ̀kan bú mi débi tí mo fi rẹ́rìn-ín. Àwọn yòókù ń dúró, ẹ̀rù kò sì bà mí mọ́ bí fóònù bá dún. Ó-dọ̀la náà ti fura: ní Ọjọ́bọ̀ ìjẹta, Ọlọ́run ló ní kí n yíjú padà, ó ti ń gbé àpótí ìjókòó mi lọ sínú ọkọ̀.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé, kí n tó jáde lọ sí ọ́fíìsì, obìnrin náà kọ̀wé. Ìwọ nìkan ni mo fẹ́ sọ ọ́ fún: "Ó wọlé. Kò wẹ̀yìn. Èmi ni mo dúró lẹ́nu géètì." Ẹ̀gbọ́n mi gba fóònù, ó kà á lẹ́ẹ̀mejì, ó ní kí n dá a lóhùn. Mo bi í pé kí ni kí n sọ. Ó ronú díẹ̀, ó ní kí n má sọ nǹkan kan. Bẹ́ẹ̀ la ṣe dúró síbẹ̀, àwa méjèèjì, tí fóònù wà láàárín wa.

Bá mi kí ìyàwó wa, bá mi dọ̀bálẹ̀ fún Màmá, kí o sì fa etí àwọn ọmọ fún mi díẹ̀díẹ̀. Bí o bá rí èsì sí ìbéèrè mi, kọ ọ́ ránṣẹ́. Bí o kò bá rí i, ìròyìn ilé náà ti tó.

Ẹni tí o mọ̀ láti ìgbà sílétì ni,
Akọ̀wé.

Ilẹ̀ ti mọ́. Mo ti pa àtùpà.