Tòmátò Ìyá Rẹ Tí Mo Bomi Rin Nínú Òjò

Ọmọ mi àkọ́bí,

Kí n tó kí ọ rárá, jẹ́ kí n yára sọ ọ́, torí bí mo bá kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ ìkíni, ibẹ̀ ni màá fara pamọ́ sí, lẹ́tà yìí á sì wọ àpótí bí méjì tí mo kọ ṣáájú rẹ̀: ọgbà ìyá rẹ ti kú. Kò sí tòmátò, kò sí ata, ilá tó kù kò ju mẹ́ta lọ, àwọn náà sì ti sorí kọ́. Èmi ni mo pa á. Àwọn àwòrán tí mo ti ń fi ránṣẹ́ láti ọ̀sẹ̀ márùn-ún, ọgbà ìyá aránṣọ tó wà lẹ́yìn ògiri wa ni.

Ó ti jáde. Ó yá, báwo ni o? Ṣé ara le? Ṣé ọ̀gá rẹ tó máa ń bínú láàárọ̀ ti ń rẹ́rìn-ín díẹ̀? Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí ilẹ̀kùn tí o bá kàn jẹ́ èyí tí wọ́n ti fi ìṣó kàn pa. O ṣeun lórí ìtọ́jú ìyá rẹ láti ìgbà tí wọ́n ti ṣe iṣẹ́ abẹ fún un. Èmi náà wà. Òjò ló gbòde níbí. Kì í ṣe òjò ńlá tó ń ṣí òrùlé, òjò wínníwínní ni, tó ń ṣẹ́ bí ẹni ń ku ìyẹ̀fun sílẹ̀, kò gbóná, kò tutù, kò sì lọ. Aṣọ tí mo fọ̀ lọ́jọ́ Ajé ṣì wà lórí okùn lọ́jọ́ Ẹtì, ó ti ń rùn. Ìgbín ń gun ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù mi. Pákó ti wú, kọ́bọ́ọ̀dù tí mo kàn fún tíṣà kò ṣe é pa dé mọ́, tíṣà sì ń wò mí bí ẹni pé èmi ni mo rọ òjò.

Bó ṣe ṣẹlẹ̀ nìyí. Láàárọ̀ tí ẹ lọ, ìyá rẹ dúró lẹ́nu ọ̀nà tòun ti báàgì, nǹkan kan ṣoṣo ló sọ fún mi, pé àárọ̀ tí òjò kò bá ti rọ̀, kí n bomi rin ọgbà òun, kí n má jẹ́ kó gbẹ. Ọjọ́ yẹn náà lo fún mi ní fóònù rẹ àtijọ́, o fi ibi tí wọ́n ń ya oòrùn àti kùrukùru sí hàn mí, o ní Bàbá, ibí ni kí ẹ ti máa wo ojú ọjọ́, kò ní í purọ́ fún yín. Mo gbà. Àràárọ̀ ni mò ń wo fóònù, oòrùn rọbọtọ á máa wò mí. Màá wo ìta, òjò á máa ṣẹ́. Mo wá rò ó pé irú òjò tó kéré báyìí kò wọ ìwé, pé ó ní iye tí òjò gbọ́dọ̀ gbà kí wọ́n tó kà á sí òjò, bí wọ́n ṣe ń ka máàkì wa ní girama. O kúkú mọ̀ mí. Ojú mi á rí nǹkan, n ó ṣì máa wá ẹni tó máa bá mi rí i. Mo bá ń bomi rin ín. Nígbà tí ewé bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n, mo ní òùngbẹ ni, mo fi ti ìrọ̀lẹ́ kún un.

Ìyá aránṣọ ló ká mi mọ́ ọn. Mo wọ kóòtù òjò, mo gbé agolo ìbomirin dání, omi ń kán láti etí fìlà mi sínú ebè. Ó gbé orí lé ògiri, ó wò mí títí, ó ní ṣé ẹ̀gbọ́n ò ní í wọlé báyìí, àbí àárò ìyàwó ló dé ibi tó dé yìí. Mo fi fóònù hàn án pé kò sí òjò. Ó wò ó, ó ní orúkọ ìlú tí ọmọ yín ń gbé ló wà lókè yìí, ojú ọjọ́ tibẹ̀ lẹ ń wò. Mo ti ń rí orúkọ yẹn láti ọjọ́ kìíní o. Mo rò pé ibi tí wọ́n ti ṣe fóònù ni, bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́ sí ìdí abọ́. Ó ní oòrùn ọ̀dọ̀ ọmọ lẹ wá fi pa tòmátò ìyá ẹ̀ yìí. Ó ń rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín díẹ̀, mo wọlé, mo jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì tòun ti kóòtù tútù. Nígbà tí mo fa tòmátò kan tu, gbòǹgbò rẹ̀ dúdú, ó ń rùn bí àkísà tí wọ́n gbàgbé sínú garawa. Igi tó ti kú ni mo mọ̀ ọ́n lò, ọmọ mi. Ààyè rẹ̀ kò yé mi.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni ìyá rẹ pè, ohùn rẹ̀ kò jáde dáadáa, ó ní tòmátò òun ńkọ́. Mo gun bẹ́ǹṣì, mo na fóònù kọjá ògiri, mo ya ti ìyá aránṣọ, ọjọ́ kan péré ni mo fẹ́ fi rà. O sọ fún mi pé nígbà tó rí i, òun fúnra rẹ̀ ló dìde jókòó, ìgbà àkọ́kọ́ lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, ó rẹ́rìn-ín, ó ní kí ẹ gbé oúnjẹ wá. Báwo ni mo ṣe fẹ́ dáwọ́ dúró lẹ́yìn ìyẹn? Gbogbo Sátidé ni mo ń gun bẹ́ǹṣì. Ó bi mí lẹ́ẹ̀kan pé ta ló fi ọ̀pá irin ti tòmátò òun, igi lòun fi tì í. Mo ní èmi ni, pé irin ló lágbára jù. Kápẹ́ńtà ló ń sọ bẹ́ẹ̀. Ó ní ó dáa. N kò mọ ohun tó wà nínú ó dáa yẹn.

Ọ̀gá àgbẹ̀ ti ìjọba wá lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó ń pín fọ́ọ̀mù fún àwọn tí nǹkan ọ̀gbìn wọn bàjẹ́, kí wọ́n lè fún wọn ní irúgbìn. Wọ́n bèèrè ohun tó fà á: àgbàrá, kòkòrò, ọ̀dá, tàbí nǹkan mìíràn. Mo fàmì sí nǹkan mìíràn, mo kọ ọ́ síbẹ̀ pé èmi ni. Àyè kò tó, mo yí i sẹ́yìn, mo sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin títí tí ẹ̀yìn náà fi kún. Ọ̀gá kà á tán, ó fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ní Bàbá, ẹ kọ òjò, ẹ jẹ́ ká lọ, fọ́ọ̀mù kì í darí jini. Mo ní òjò ṣe ìwọ̀n tiẹ̀, èmi ni mo fi kún un. Ó dá fọ́ọ̀mù padà fún mi. Gbogbo àdúgbò gba irúgbìn. Ṣùgbọ́n òótọ́ àkọ́kọ́ tí mo sọ lẹ́yìn oṣù kan nìyẹn, kò wù mí kí n tún bà á jẹ́.

Ní báyìí, dókítà ti ní kó máa bọ̀ wálé lọ́jọ́rú tó ń bọ̀. O ní ó ti di ẹrù, ó sì ti ṣèlérí tòmátò fún nọ́ọ̀sì. Mo rò ó kí n ra èyí tó ti dàgbà, kí n rì í mọ́lẹ̀, ṣùgbọ́n ó mọ̀ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni mọ ọmọ. Ohun tí mo fẹ́ fi lẹ́tà yìí bẹ̀ ọ́ tẹ́lẹ̀ ni pé kí o bá mi sọ fún un, torí bí mo bá pè, òun ló máa ń gbé e. Mo ti ka òkè yìí padà. Kì í ṣe ẹnu rẹ ló yẹ kó ti gbọ́ ọ. Jókòó tì í láàárọ̀ ọ̀la, ìyẹn nìkan.

Bí nǹkan bá wà lọ́wọ́ rẹ, fi díẹ̀ ránṣẹ́ kí n fi ra irúgbìn. Fi lé awakọ̀ tó mú lẹ́tà yìí wá ní ìrọ̀lẹ́ òní lọ́wọ́, èyí tí wọ́n ń pè ní Rọra, tí kì í rọra. Má fi sínú fóònù. Èyí tí o fi síbẹ̀ nígbà yẹn, mo rí i tó wọlé, n kò tíì rí ibi tó ń gbà jáde, mo sì ti ṣí ẹ̀yìn rẹ̀ wò.

Kí Ọlọ́run fún ọ ní ilé tí kò jò, kó jẹ́ kí ohun tí o bá tọ́jú yè lọ́wọ́ rẹ. Lọ́la, bí ilẹ̀ bá ti mọ́, màá pe ìyá rẹ, ìpè tí a ti ń rí ojú ara wa. Màá dúró sáàárín ebè rẹ̀, màá yí fóònù sílẹ̀, màá sì jẹ́ kó máa wò ó títí tí òun fúnra rẹ̀ á fi ní ó tó.

Bàbá rẹ