Bàbá Tó Ń Fi Òòlù Gbọ́ Ohùn Irin: Ìgbésí Ayé Olóògbé Sírájúdéènì Akíntáyọ̀ Àlàrí (1964–2025)

Ọmọ Ọ̀tà pọ́ńbélé ni Bàbá wa, Sírájúdéènì Akíntáyọ̀ Àlàrí. Ọjọ́ kọkàndínlógún oṣù kẹta ọdún 1964 ni wọ́n dé ilé ayé ní agbo ilé Àlàrí, àdúgbò Ìjànà. Olóògbé Jìbírílù Àlàrí, àgbẹ̀ tó ń gbin ẹ̀gẹ́ àti obì lọ́nà Ìyẹsí kí ilé iṣẹ́ àti ilé gbígbé tó gba ilẹ̀ oko tán, ni bàbá wọn. Olóògbé Àdìzát, tí gàrí rẹ̀ máa ń tán kó tó tutù, ni ìyá wọn. Àwórì ni wọ́n tọkàntara, àlejò kì í sì í jókòó tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ́dọ̀ Bàbá kí wọ́n tó sọ fún un pé àwọn Àwórì ló tẹ ìlú yìí dó. Bàbá nìkan ni ọkùnrin láàrin ọmọ márùn-ún. Bóyá ìdí nìyẹn tí wọ́n fi máa ń pariwo bí wọ́n bá ń sọ̀rọ̀, nítorí pé ẹni tí kò pariwo nínú ilé yẹn, kò sẹ́ni tó máa gbọ́ tirẹ̀.

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní 1970, wọ́n parí rẹ̀ ní 1976, wọ́n sì wọ girama lọ́dún náà. Fọ́ọ̀mù kẹta ni wọ́n wà ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1979 tí bàbá wọn já bọ́ lórí igi obì, tí ẹsẹ̀ kán. Ẹni tó ń rán wọn nílé-ìwé ti dùbúlẹ̀, ni ìwé bá dúró. Wọ́n mú wọn lọ sọ́dọ̀ jórinjórin kan ní Sàńgò láti kọ́ṣẹ́ fún ọdún márùn-ún. Kí ọdún náà tó parí, ìjọba sọ ẹ̀kọ́ girama di ọ̀fẹ́, ṣùgbọ́n àdéhùn ti wà nílẹ̀, ọmọlúwàbí kì í sì í yẹ àdéhùn. Bàbá máa ń fi ọ̀rọ̀ náà ṣàwàdà. Wọ́n á ní, "Oṣù díẹ̀ péré ni ìwé fi sá mọ́ mi lọ́wọ́." Àwa ọmọ mọ̀ pé ó ń dùn wọ́n.

Wọ́n gba fírídọ̀mù ní 1984. Ní 1986, ilé iṣẹ́ kan ní Agbárá gbà wọ́n, ọdún márùndínlọ́gbọ̀n ni wọ́n sì fi wọ ọkọ̀ òṣìṣẹ́ láti Ojú-Ọrẹ ní ìdájí. Ibẹ̀ ni wọ́n ti kọ́ àṣà tí gbogbo èèyàn fi mọ̀ wọ́n. Bí wọ́n bá jó irin mọ́ra tán, wọ́n á fi òòlù kékeré kàn án lẹ́ẹ̀mẹta, wọ́n á tẹ́ etí sí i. Bí ohùn rẹ̀ bá já gaara, iṣẹ́ ti dára. Bí ó bá dún bí ìkòkò tó ti sán, wọn ò ní bá ẹnikẹ́ni jiyàn, wọ́n á gé e, wọ́n á tún un jó. Ní 2011 tí ilé iṣẹ́ náà kógbá sílé, wọ́n ṣí ṣọ́ọ̀bù tiwọn sí Ojú-Ọrẹ.

Ọdún 1991 ni wọ́n fẹ́ ìyá wa, Ìyáàfin Àtinúkẹ́, tó ń ránṣọ ní Ìyànà Ìyẹsí. Ilẹ̀kùn irin ni Bàbá lọ bá wọn ṣe sí ṣọ́ọ̀bù. Ilẹ̀kùn náà kò ní àléébù kankan, síbẹ̀ ẹ̀ẹ̀mẹrin ni Bàbá padà lọ yẹ̀ ẹ́ wò láàrin ọ̀sẹ̀ méjì. Ìyá wa ní nígbà ẹlẹ́ẹ̀kẹrin, àwọn bi wọ́n léèrè bóyá ilẹ̀kùn ni wọ́n ń wò lóòótọ́. Ọlọ́run fi ọmọ mẹ́ta ta wọ́n lọ́rẹ.

Ní 2013 ni ọ̀rọ̀ ìwé tún wá Bàbá rí. Ètò ẹ̀kọ́ tuntun ti dé ìlú nígbà náà: ọmọ tó bá fẹ́ jáde girama gbọ́dọ̀ fi iṣẹ́ ọwọ́ kan kún àwọn ẹ̀kọ́ tó máa ṣe ìdánwò àṣekágbá lé lórí. Ilé-Ẹ̀kọ́ Girama Ìmọ́lẹ̀-Ọ̀nà ní Ojú-Ọrẹ mú iṣẹ́ jórinjórin, láìní jórinjórin. Tíṣà jọ́gíráfì ló ń ka ìwé rẹ̀ fún àwọn ọmọ. Bàbá lọ tún géètì wọn ṣe lọ́jọ́ kan, wọ́n sì gbọ́ láti ojú fèrèsé bí ogójì ọmọ ṣe ń da orúkọ irinṣẹ́ tí wọn kò rí rí kọ sínú ìwé. Wọ́n gbé òòlù sílẹ̀, wọ́n lọ bá ọ̀gá àgbà ilé-ẹ̀kọ́ náà, Ìyáàfin Rose Olúyẹmí, ní ọ́fíìsì.

Bàbá ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ṣé àwọn ọmọ yìí ti rí irin tó ń jó rí?"

Ìyáàfin Rose ní, "Ká má parọ́ sà, àwa tíṣà gan-an ò tíì rí i."

"Ẹ kó wọn wá sí ìdí géètì."

Bí Bàbá ṣe di tíṣà nìyẹn. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun àti ọjọ́ Ẹtì ni wọ́n ń lọ, pẹ̀lú aṣọ iṣẹ́ tí ìyá wa ti fi áyọ́ọ̀nù tẹ̀ bí ẹni tó ń lọ sí ìgbéyàwó. Wọ́n á kọ́kọ́ ka ohun tó wà nínú ìwé fún àwọn ọmọ, wọ́n á ní kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀, lẹ́yìn náà wọ́n á ní kí wọ́n pa ìwé dé, kí wọ́n wá wo bí ó ṣe rí gan-an. Nígbà tí àwọn ọmọ yẹn ṣèdánwò, kò sí ẹyọ kan tó kùnà nínú iṣẹ́ náà. Ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Ṣèyítán, tí ìyá rẹ̀ ti wá bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n yọ ọ́ kúrò nídìí iná kí ojú rẹ̀ má bàa bàjẹ́, gba B2. Bàbá gbé fọ́tò èsì ìdánwò ọmọ náà sínú fóònù wọn, wọ́n ń fi han oníbàárà.

Ní 2017, alábẹ̀wò ẹ̀kọ́ kan dé ilé-ìwé náà. Ó wo àwọn àga tí àwọn ọmọ ti ṣe, ó yìn wọ́n, ó wá béèrè ìwé ẹ̀rí tíṣà. Bàbá mú ìwé fírídọ̀mù 1984 jáde. Alábẹ̀wò náà fi ọ̀wọ̀ gbà á, ó kà á, ó sì ṣàlàyé pé ẹni tí kò parí girama kò lè fọwọ́ sí máàkì ọmọ girama. Bàbá gbọ́dọ̀ ní kírẹ́díìtì márùn-ún, kí èdè Gẹ̀ẹ́sì àti ìṣirò wà níbẹ̀, kí iṣẹ́ tí wọ́n ń kọ́ni gan-an náà wà níbẹ̀. Bí kò bá sí èyí lẹ́yìn ọdún kan, kí ilé-ẹ̀kọ́ yọ iṣẹ́ náà kúrò, kí àwọn ọmọ lọ mú òmíràn tó wà nínú ìwé. Ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí yé Bàbá dáadáa: àwọn ọmọ á tún padà sídìí dída orúkọ kọ.

Wọ́n délé, wọn ò fọwọ́ kan oúnjẹ. Ìyá wa ní, "Bàbá Fúnkẹ́mi, ọmọ tí ẹ bí ti ṣe Wáẹ̀kì, ọmọ tí ẹ kọ́ ti ṣe é. Kí ló wà níbẹ̀ tó ń bà yín lẹ́rù?"

Bàbá ní, "Ojú àwọn ọmọ yẹn ni. Bí mo bá féèlì ńkọ́?"

"Ẹ ó tún un jó. Ṣebí ohun tí ẹ máa ń sọ fún wọn nìyẹn."

Ẹni ọdún mẹ́tàléláàádọ́ta ni Bàbá nígbà tí wọ́n forúkọ sílẹ̀ ní kíláàsì àwọn àgbà ní Sàńgò. Fúnkẹ́mi, àkọ́bí wọn tó jẹ́ tíṣà, ń kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì nílé, ó sì ń fi bírò pupa fa ìlà sábẹ́ ọ̀rọ̀ wọn bí ẹni tí kò mọ̀ wọ́n rí. Ìṣirò kò dààmú wọn. Ẹni tó ti fi ọgbọ̀n ọdún wọn irin, kí ni igun mẹ́ta fẹ́ fi ṣe é? Nígbà tí èsì jáde ní 2018, kírẹ́díìtì ni Gẹ̀ẹ́sì, kírẹ́díìtì ni ìṣirò, kírẹ́díìtì ni Yorùbá, ẹ̀kọ́ Ìsìláàmù àti ẹ̀kọ́ ọrọ̀ ajé. Iṣẹ́ jórinjórin nìkan ni kò tó kírẹ́díìtì. D7 ni.

A kò ní fi pamọ́ fún yín, torí Bàbá fúnra wọn ló ń sọ ọ́ kiri. Ìdánwò ní kí wọ́n to ohun tí jórinjórin gbọ́dọ̀ ṣe kó tó tanná, ní ẹsẹẹsẹ. Ìwé ní kó wọ awò àti ìbọ̀wọ́. Bàbá kọ ọ́ pé ohun àkọ́kọ́ ni Bìsìmílláhì, èkejì ni pé kí jórinjórin lé àwọn ọmọdé kúrò nítòsí. Ìdánwò ní kí wọ́n kọ ọ̀nà mẹ́rin tí a fi ń mọ̀ pé irin ti mọ́ra dáadáa. Ọ̀nà kan ṣoṣo ni Bàbá kọ, ìyẹn òòlù, wọ́n sì fi ojú ìwé mẹ́ta ṣàlàyé oríṣiríṣi ohùn tí irin ń fọ̀. Àwọn ọ̀rẹ́ wọn ní Agbárá gbọ́, wọ́n ń pè wọ́n ní "Oga welder wey fail welding." Bàbá bá wọn rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n wọn ò lọ sílé-ẹ̀kọ́ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun tó tẹ̀lé e. Ìtìjú mú wọn.

Ìyáàfin Rose lọ bá alábẹ̀wò sọ̀rọ̀, alábẹ̀wò náà sì fún Bàbá ní ọdún kan sí i, ó ní kò ní sí òmíràn. Ṣèyítán, tó ti wọ pólì nígbà náà, ló wá sílé wa ní ọjọ́ Sátidé kan, ó gbé ìwé ńlá kan lọ́wọ́. Ìwé tí Bàbá fúnra wọn pè fún un kọ ní kíláàsì ni. Ó kúnlẹ̀, ó kí wọn, ó jókòó, ó ní, "Sà, ẹ̀yin náà lẹ kọ́ wa báyìí. Kí ló dé tí ẹ ò kọ ọ́ báyìí?"

Bàbá ní, "Ti ìwé ni mo kà fún yín. Òótọ́ ni mo kọ fún wọn."

Ṣèyítán ní, "Ẹ kọ ti ìwé ṣíwájú, sà. Bí àyè bá ṣẹ́kù, kí ẹ wá fi òótọ́ kún un."

Sátidé mọ́kànlélógún ni ọmọ yẹn fi wá. Bí Bàbá bá ti fẹ́ ya sí ọ̀rọ̀ òòlù, á fi bírò kan tábìlì. Ní 2019, Ọlábánjí, àbíkẹ́yìn wọn, lọ wo èsì ní ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà kan ní Ìyànà Ìyẹsí, ó mú un wálé: B3. Bàbá ní kó kà á lẹ́ẹ̀kan sí i. Wọ́n jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, wọ́n ní Àlùhámúdùlíláhì, wọ́n sì sunkún níwájú gbogbo wa. Ìgbà yẹn ni wọ́n tó jẹ́wọ́ fún Ṣèyítán pé àwọn kọ ọ̀nà mẹ́rin tí ìwé wí, àwọn sì fi òòlù ṣe ẹ̀karùn-ún.

Láti ìgbà náà, Bàbá ló ń fọwọ́ sí máàkì iṣẹ́ náà. Iṣẹ́ tí wọ́n fún kíláàsì ọdún 2021 ni àga irin tí mọ́sálásí àdúgbò wa fi ń gbé òkú lọ sí itẹ́, nítorí pé ti tẹ́lẹ̀ máa ń mì, ó sì máa ń dún kẹ́kẹ́kẹ́ létí àwọn tó ń ṣọ̀fọ̀. Ẹsẹ̀ kẹrin rẹ̀ bọ́ sọ́wọ́ ọmọkùnrin kan, Treasure, ọmọ ìjọ Pẹ́ńtíkọ́sì. Ó béèrè lọ́wọ́ Bàbá bóyá òun lè bá wọn ṣe ohun èlò mọ́sálásí. Bàbá dá a lóhùn pé, "Ẹni tó bá máa gùn ún kò ní bi ọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì tí ò ń lọ. Ṣáà jẹ́ kó dúró." Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n gé ẹsẹ̀ kẹrin yẹn dànù. Nígbà kẹrin, wọ́n fi òòlù kàn án, wọ́n tẹ́ etí, wọ́n ní, "Èyí á gbé èèyàn." Wọ́n fọwọ́ sí máàkì rẹ̀.

Mùsùlùmí òdodo ni Bàbá. Àwọn ni wọ́n ṣe irin tó gbé páànù mọ́sálásí ró, wọn ò sì tìtorí ìyẹn kọ̀ láti tún agogo ṣọ́ọ̀ṣì ọkọ Fúnkẹ́mi so rọ̀. Wọ́n jẹ́ akápò ẹgbẹ́ àdúgbò fún ọdún mẹ́fà. Wọ́n lejú, wọ́n máa ń jiyàn lórí bọ́ọ̀lù, wọ́n sì fẹ́ràn ẹ̀wà ju bó ṣe yẹ lọ. A fẹ́ràn wọn, wọ́n sì mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Lẹ́yìn àìsàn ọlọ́jọ́ mọ́kànlá, Bàbá padà sọ́dọ̀ Ẹlẹ́dàá wọn ní ọjọ́ kẹrin oṣù kejì ọdún 2025, nígbà tó ku díẹ̀ kí wọ́n pé ọmọ ọdún mọ́kànlélọ́gọ́ta. Wọ́n fi Ìyáàfin Àtinúkẹ́, aya wọn, sáyé lọ, pẹ̀lú àwọn ọmọ wọn, Fúnkẹ́mi, Ṣàkírù àti Ọlábánjí. Àwọn ọmọ-ọmọ wọn, Jùwọ́n, Joy àti Sàfúrátù. Àwọn ẹ̀gbọ́n àti àbúrò lóbìnrin. Àti igba ọmọ ó lé díẹ̀ tí wọ́n kọ́ ní Ìmọ́lẹ̀-Ọ̀nà, tí gbogbo wọn mọ iná irin.

Àga mọ́sálásí tí kíláàsì ọdún 2021 ṣe la fi gbé Bàbá. Treasure, tó ti di jórinjórin ní Agbárá báyìí, tọrọ àyè pé kí wọ́n jẹ́ kí òun rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ kẹrin láti agbo ilé wa títí dé itẹ́. Ńṣe ló tẹ orí sí i ní gbogbo ọ̀nà, tó ń tẹ́ etí. Lẹ́yìn tí a sin Bàbá tán, ó yíjú sí ìyá wa lójú ọ̀nà àbọ̀, ó ní, "Mà, kò dún rárá."

Bàbá Fúnkẹ́mi, iṣẹ́ yín gbé yín délé, kò mì. Kí Ọlọ́run fi Àlùjáńnà onídẹ̀ra kẹ́ yín. Ẹ máa sinmi, tíṣà wa, ó dàárọ̀ o.