Ẹni Tó Ní Òun Mọ Bàbá

Zipporah àbúrò mi,

Mo ti mú gbájúẹ̀ kan! Mo kí ọkọ rẹ àtàwọn ọmọ. Ara Ìyá ti yá. Kòkó mi ló pọ̀ jù ní Ijagba.

Ọkùnrin kan wá, ó ní òun àti Bàbá wa olóògbé jọ tún bàálù ológun ṣe, pé ìwọ lo rán òun, kí n kó fọ́tò Bàbá wá fún ìwé ìrántí rẹ̀.

Mo dán an wò: "Ẹ̀gbọ́n, kí ni Bàbá máa ń ṣe kó tó kúrò nídìí bàálù?"

"Ó máa ń gbàdúrà ni."

Irọ́! Sípánà ló máa ń kà, kí ọ̀kan má lọ kù sínú ẹ́ńjìnnì. Àdá oko wa gan-an, ó ń kà á.

Mi ò kàwé púpọ̀, ṣùgbọ́n mo gbọ́n. Ṣé ìwọ lo rán an lóòótọ́? Ọlọ́run á ṣọ́ ẹ. Má san kọ́bọ̀. Ó ní o ṣì jẹ òun ní ẹgbẹ̀rún lọ́nà ogún náírà nínú owó ìwé náà, pé o gbọ́dọ̀ san án kí oṣù yìí tó parí.