Ìbéèrè Kẹtàdínlógún

Ìjàre,
Ọjọ́ Ẹtì.

Oyèbọ́lá ọmọ mi,

Ṣé o ń sùn, ṣé o sì ń jẹun? Olúwa tó mú ọ wọ yunifásítì ní Àkúrẹ́ kò ní jẹ́ kí o jáde níbẹ̀ lọ́wọ́ òfo, ìwé tí ò ń kà kò sì ní di ẹrù sí ọ lórí, àmín. Ara mi le, àfi orúnkún tó máa ń dà mí láàmú tí òjò bá ti ṣú. Ewúrẹ́ rẹ bí méjì, ọ̀kan dúdú bí ìdí ìkòkò. Mo rí i pé o pè mí lẹ́ẹ̀mẹ́ta lórí fóònù lánàá, n kò gbé e, kí owó rẹ má bàa tán, ohun tí mo ṣe ń kọ lẹ́tà nìyẹn.

Rufus awakọ̀ já ẹrù rẹ fún mi lọ́jọ́ Ajé, ogójì ìwé nínú ọ̀rá. Ó ní o sọ pé iṣẹ́ ìwádìí lò ń ṣe. Ọmọ mi, àyà mi já, torí níbí o, ọlọ́pàá ló ń ṣe ìwádìí, bí wọ́n bá sì ti bẹ̀rẹ̀ ẹ, ẹnì kan kò ní sun ilé rẹ̀ lọ́jọ́ náà. Mo bi Rufus pé kí ló sọnù. Ó rẹ́rìn-ín títí, ó ní kò sí olè nínú ọ̀rọ̀ náà, pé gbogbo ẹni tó bá fẹ́ jáde ló gbọ́dọ̀ wádìí nǹkan kan, pé ti àwa àgbẹ̀ kòkó ni tìrẹ, ká fi ìwé náà dáhùn ohun tí o bi wá, àti pé bí ogójì kò bá pé pérépéré níwájú Dókítà Dúrótoyè tó ń bójú tó ọ ní ọjọ́ Ajé tó ń bọ̀, kò ní buwọ́ lu iṣẹ́ rẹ, wàá sì tún ọdún kan lò sí i. Mo ní kò ní ṣẹlẹ̀ lójú ayé mi. Bá mi bi Dókítà náà léèrè oògùn orúnkún. Rufus ní kì í ṣe dókítà tó ń gún abẹ́rẹ́, pé ti ìwé ni, ṣùgbọ́n wọn ò lè máa pe èèyàn ní dókítà kó má mọ díẹ̀.

Lẹ́yìn ìsìn Ọjọ́rú, àwa àgbẹ̀ jókòó sínú ṣọ́ọ̀ṣì, Bọ́sẹ̀ tíṣà ń kà á, ó ń túmọ̀ rẹ̀ fún wa. Ó ní a ò gbọdọ̀ kọ orúkọ. Èyí bí àwọn àgbà nínú, wọ́n ní ẹni tó ń bèèrè ọ̀rọ̀ ilé ẹni tí kò sì fẹ́ mọ orúkọ ẹni, irú ọmọ wo nìyẹn. Mo bẹ̀ wọ́n pé kì í ṣe ìwọ, ilé ìwé ni. A wá fi pẹ́ńsù kọ orúkọ sẹ́yìn, kékeré báyìí, kí Dókítà lè mọ ẹni tó máa dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ìbéèrè kẹrin ní ọmọ mélòó ni a ní. Oyèbọ́lá, ìwọ tí mo kọ́ nílé, o mọ̀ pé a kì í ka ọmọ fọ́lọ́mọ. Gbogbo wa kọ ọ́ síbẹ̀ pé, wọ́n wà, a dúpẹ́.

Èyí tó kù, wọ́n ní ká máa mú nínú mẹ́rin: mo gbà gidigidi, mo gbà, n kò gbà, n kò mọ̀. N kò mọ̀ la kọ́kọ́ fagi lé, torí ta ló fẹ́ kí wọ́n gbọ́ ní Àkúrẹ́ pé àgbà Ìjàre kò mọ̀? A tún rò ó pé bí ẹnì kan bá gbà tí ẹnì kejì kò gbà, wọ́n á ní ìlú ìyá rẹ kò ní ìṣọ̀kan, orí rẹ ni wọ́n á sì gbé e lé. Torí náà gbogbo wa gbà gidigidi. Nígbà tó kan ibi tí wọ́n ti ní àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ń wá kọ́ wa ní ìtọ́jú kòkó, Bàbá Akínsànyà ní òun kò gbà, pé ó ti tó ọdún mẹ́sàn-án tí òun ti rí ọ̀kan, ìyẹn náà sì ṣìnà ni. Òótọ́ ló sọ. Ṣùgbọ́n a bẹ̀ ẹ́ nítorí rẹ, ó sì gbà, gidigidi, ó wá bínú lọ sílé.

Ọgbọ̀n péré ni àwọn àgbẹ̀ tó wá sí ṣọ́ọ̀ṣì, èmi ni ìkọkànlélọ́gbọ̀n. Mo bá wọ mọ́tò lọ sí Oǹdó lánàá, ìyá Sherifat àbúrò mi bá mi pín mẹ́sàn-án tó kù fún àwọn àgbẹ̀ àdúgbò rẹ̀. Àwọn ìyẹn kò ṣe é bẹ̀, ohun tó wu oníkálukú ló mú. Ọ̀kan tiẹ̀ kọ ọ́ síbẹ̀ pé ta ló rán yín wá. Ọpẹ́lọpẹ́ pé pẹ́ńsù ni mo fún wọn. Nígbà tí mo délé, mo fi rọ́bà pa gbogbo rẹ̀ rẹ́, mo tún un mú kó bá tiwa dọ́gba. Dókítà kò ní rí àléébù kan níbẹ̀.

Tèmi ni mo ṣe kẹ́yìn. Mo jókòó lẹ́bàá ibi tí bàbá rẹ ti máa ń sá kòkó kó tó kú, mo ń gbà gidigidi lọ títí mo fi dé ìbéèrè kẹtàdínlógún, èyí tí Bọ́sẹ̀ túmọ̀ fún wa pé: mo fẹ́ kí ọmọ mi gba oko kòkó lọ́wọ́ mi. Gbogbo àwọn tó kù ti gbà. Ọwọ́ tèmi kò lọ. Bí mo bá ní mo gbà, ó dà bí ìgbà tí mo ń fà ọ́ kúrò nídìí ìwé rẹ. Bí mo bá ní n kò gbà, irọ́ ni, torí àwọn igi tí bàbá rẹ gbìn lọ́dún tí a bí ọ ṣì ń so, èmi nìkan ni mò ń ká wọn, ó sì máa ń dùn mí tí mo bá bojú wẹ̀yìn lóko tí n kò rí ẹnì kan. N kò mọ̀ nìkan ló kù, a sì ti fagi lé e.

Mo fi ibẹ̀ sílẹ̀ lófìfo. Bó bá jẹ́ Dókítà ló ń bèèrè, mú pẹ́ńsù, kí o bá mi gbà gidigidi bíi ti àwọn tó kù, kí ogójì lè pé, kí o lè jáde. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ ìwọ lò ń bi mí, má kọ nǹkan kan síbẹ̀. Wá sílé. N kò ní fi ìwé dá ọ lóhùn.

Bí owó bá wà lọ́wọ́ rẹ, fi díẹ̀ rán Rufus kí n fi ra gíláàsì ojú. Bọ́sẹ̀ ní wọ́n máa ń di ìwádìí náà pọ̀ bí ìwé gidi, mo sì fẹ́ fi ojú ara mi ka tìrẹ. Ibi yòówù tí o bá yàn, oko ni o, ọ́fíìsì ni o, Ọlọ́run yóò jẹ́ kí ibẹ̀ gbà ọ́, gidigidi.

N kò kọ orúkọ mi síbí, wọ́n ní ká má kọ ọ́.

Èmi ni,
Ìyá rẹ.