Ọ̀rọ̀ Tí Mo Gbà Létí Bàtà-Funfun

Ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ tìfẹ́tìfẹ́, mo sì kí àwọn tí ẹ jọ ń gbé. Ṣé ara rẹ le? Ṣé o ń jẹun, àbí iṣẹ́ tí o lọ kọ́ ni o ń jẹ? Àlàáfíà ni ìyá rẹ wà, èmi náà wà, àfi ìbàdí tó ń rán mi létí pé mo ti dàgbà. Ẹ̀gbọ́n rẹ ń kí ọ. Wọ́n fi aṣọ gbé apá rẹ̀ kan kọ́ ọrùn, ṣùgbọ́n ó ń san. Ọ̀rọ̀ apá náà wà nínú ohun tí mo fẹ́ sọ, nítorí náà fara balẹ̀ kà á.

Nígbà tí o pè kẹ́yìn, ohun tí o kọ́kọ́ bèèrè ni bóyá ẹnikẹ́ni ti gun Bàtà-funfun, agódóńgbó tí ẹ jọ máa ń ṣeré. Kíá ni mo gbé fóònù fún ìyá rẹ. Wọ́n ti gùn ún, ọmọ mi. Mo ṣèlérí fún ọ pé ìwọ ni yóò kọ́kọ́ jókòó lé e lẹ́yìn nígbà tí o bá wálé. Ó dùn mí pé n kò lè mú un ṣẹ.

Ọ̀gá tó ni ẹṣin tí mo ń bá a tọ́jú ló yọ sí wa láìròtẹ́lẹ̀. Ó wo agódóńgbó náà tòkè-tilẹ̀, ó ní bí òjò bá fi dá tí kò tíì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gùn ún, òun yóò tà á fún àwọn tó ń fi ẹṣin fa yanrìn. O mọ bí ẹ̀yìn ẹṣin àwọn yẹn ṣe máa ń rí. Mo bẹ̀ ẹ́ títí. Ó ní, "Bàbá, ẹṣin ni mo rà, n ò gbọmọ tọ́ o."

Bí a ṣe ń ṣe é náà la ṣe é. Mo fọwọ́ pa á lẹ́yìn, mo gbé àpò òfìfo lé e, lẹ́yìn náà mo rọ yanrìn díẹ̀ sínú àpò. Kò janpata. Mo di gàárì mọ́ ọn, ó kàn yíjú wò ó bí ẹni tí wọ́n dé fìlà olófìlà lé lórí. Ẹ̀gbọ́n rẹ fi ikùn dùbúlẹ̀ lé e, ó gbà á láyè. Mo ti ń fọ́nnu fún káfíńtà ìtòsí wa, tó ń bá wa di okùn mú, pé iṣẹ́ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí.

Àárọ̀ ọjọ́ tí ẹ̀gbọ́n rẹ ki ẹsẹ̀ bọ irin gàárì láti jókòó gan-an ni wàhálà dé. Mo sọ ohun tí ẹnu gbogbo wa máa ń sọ: "Ó yá, jókòó." Àfi fìrì! Bàtà-funfun já okùn gbà lọ́wọ́ káfíńtà, ẹ̀gbọ́n rẹ ń rọ̀ dirodiro lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Káfíńtà ń pariwo, "Ó yá, ẹ dènà!" Èmi ń pariwo, "Ó yá, ẹ ti géètì!" Bí a ṣe ń pariwo ni eré ń le sí i. Àwọn àgbà ní ẹyin lohùn. Tèmi fọ́ lórí apá ẹ̀gbọ́n rẹ nígbà tó já bọ́ sílẹ̀. Ìyá rẹ ló yọrí lójú fèrèsé tó ní, "Ẹ̀yin náà lẹ ń lé e! Ẹ ò gbọ́ nǹkan tẹ́ ẹ ń sọ ni?"

Ìgbà yẹn ni mo tó rántí bí o ṣe máa ń dúró ní ìpẹ̀kun pápá láràárọ̀ pẹ̀lú ọkà lọ́wọ́, tí wàá ké "Ó yá!", tí yóò sì sáré wá bá ọ. Eré ni mo pè é. Ẹ̀kọ́ ni ẹṣin pè é. Má gbé ẹ̀bi ru ara rẹ o. Ẹ̀gbọ́n rẹ pàápàá ti sọ ọ́ di yẹ̀yẹ́.

A kọ́kọ́ pinnu pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ sọ ọ̀rọ̀ náà mọ́ nínú ọgbà. Káfíńtà dìde, ó pàtẹ́wọ́, ó ní, "Ó yá, a ò ní sọ ó yá mọ́." Ẹṣin gbéra! Mo rẹ́rìn-ín títí, ṣùgbọ́n mo rí i pé kò lè ṣeé ṣe. Lọ́jọ́ tí ọ̀gá bá gùn ún, tí ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní "ó yá, ká lọ", ọrùn ni yóò kán. Ẹnu àwa èèyàn kò ṣeé yí padà. Etí ẹṣin ló kù.

Bí mo ṣe gba ọ̀rọ̀ náà létí rẹ̀ nìyẹn. Mo di okùn mú, mo ń sọ "ó yá" jẹ́jẹ́. Bó bá gbéra, mo fà á padà. Bó bá dúró, mo fún un lọ́kà. Níbẹ̀rẹ̀, bí mo bá ti sọ ọ́, ìpẹ̀kun pápá ló máa ń wò. Á yán, á wá yíjú sí mi bí ẹni pé mo mọ ibi tí o wà tí mo kọ̀ láti sọ. Ìyẹn ló dùn mí jù lọ. Wíwò náà ń dínkù díẹ̀díẹ̀, títí mo fi sọ ọ́ lọ́jọ́ kan tó kàn ń jẹko lọ.

Èmi ni mo gùn ún, tìbàdí-tìbàdí. Ìyá rẹ ní "ó yá", káfíńtà ní "ó yá", ẹṣin dúró gbagidi. Ọ̀gá ní òun kò tà á mọ́. Gbogbo wọn ń kí mi kú iṣẹ́, mo jókòó sókè níbẹ̀, inú mi kò sì dùn rárá.

Mo ń kọ̀wé yìí nítorí pé o fẹ́rẹ̀ẹ́ dé, mo sì mọ̀ pé kí o tó sọ ẹrù kalẹ̀, pápá ni wàá gbà lọ. Jọ̀wọ́, má pè é. Kò ní wá, n kò sì fẹ́ kí o dúró síbẹ̀ kí o máa retí rẹ̀. Rìn lọ bá a, fọwọ́ kan ọrùn rẹ̀. Mo rò pé kò tíì gbàgbé òórùn rẹ, ṣùgbọ́n n kò lè fi dá ọ lójú. Kí o wá ronú ọ̀rọ̀ mìíràn tí wàá kọ́ ọ, èyí tí ẹnikẹ́ni kì í sọ nínú ilé yìí, kó lè jẹ́ tìrẹ nìkan.

Ọlọ́run yóò ṣọ́ àlọ rẹ, yóò ṣọ́ àbọ̀ rẹ. Iṣẹ́ tí o ń kọ́ á yé ọ, á sì yẹ ọ. Ilé ayọ̀ ni wàá bá.

Èmi ni bàbá rẹ tí ojú ń ro láti rí ọ.

Àfikún: Ìyá rẹ ka lẹ́tà yìí kí n tó lẹ̀ ẹ́. Ó ní òun ti rí ọ̀rọ̀ tí o máa lò: "Má bínú." Ó ní láti ọjọ́ tí òun ti wọlé yìí, òun kò tíì gbọ́ ọ lẹ́nu mi rí. Mo ní kó tún lẹ́tà náà kà, gbogbo rẹ̀ ló ń sọ ọ́.